Orí Kẹfà: Ẹran Tí A Kò Sè Rí

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ìtóíkín láti Ìkòròdú lọ sí Ẹ̀pẹ́ lè rí ẹran ìgbẹ́ kó tó fojú kan ọjà. Wọ́n á so ọ̀yà mọ́ igi lẹ́bàá títì, wọ́n á sì máa fì í sí àwọn ọlọ́kọ̀ tó ń kọjá. Ní ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, ẹja lọ̀gá, torí ìlú ọ̀sà ni Ẹ̀pẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá tó ń ta ẹran ìgbẹ́ ní ìsọ̀ tiwọn níbẹ̀, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti wà lẹ́nu òwò náà. Ọ̀yà tútù wà, ọ̀yà yíyan tí wọ́n là láyà tí wọ́n fi igi nà wà, òkété wà, ẹtu wà. Awọ́nrínwọ́n àti ọ̀nì náà ń bẹ.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń rà á lónìí kì í ṣe ọmọ oko. Ìkòròdú ti kún fún àwọn tó kó wá láti àárín Èkó nítorí owó ilé, àwọn tó dàgbà lórí ẹran màlúù, adìẹ inú fírísà àti tọ́kì. Wọ́n ti jẹ ọ̀yà ní búkà tàbí lóde àríyá, ẹnu wọn mọ adùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kò tíì kun ún rí. Bí wọ́n bá gbé e délé, ohun tí wọ́n máa ń béèrè ni ọbẹ̀ tó bá a mu àti iye ata tí yóò gbà. A ó dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí òǹkàwé mú dání jálẹ̀ orí yìí ni pé iná ìdáná kò ran gbogbo nǹkan. Ó ń pa kòkòrò àrùn. Kò lè pa májèlé, kò lè yọ òjé kúrò nínú ẹran, kò sì lè gba ẹni tí àrùn ti ràn láti ojú ọbẹ kó tó gbé ìkòkò kaná. Nítorí náà, ìdajì iṣẹ́ sísè ẹran tuntun ti parí, tàbí ó ti bàjẹ́, kí a tó ṣáná sí sítóòfù.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀yà ṣe àpẹẹrẹ, torí òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń bẹ̀rẹ̀. Thryonomys swinderianus ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ẹbí àwọn ẹranko tó ń fi eyín iwájú gé nǹkan ni, ṣùgbọ́n ó sún mọ́ òòrẹ̀ ju èkúté ilé lọ. Koríko, ìrèké, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ló ń jẹ, ìdí nìyẹn tí àwọn àgbẹ̀ fi ń bá a jà. Akọ rẹ̀ tó ti dàgbà lè wọn kílò mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn ará orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá lórí bí a ṣe lè sin ọ̀yà nílé bí a ṣe ń sin ehoro, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn ará Jámánì, ibẹ̀ sì ni ẹ̀kọ́ náà ti tàn dé ọ̀dọ̀ wa. Oyún rẹ̀ ń gba oṣù márùn-ún, èyí tó pẹ́ gan-an fún ẹran tí kò tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ara ohun tó jẹ́ kí ọ̀yà sísìn wọ́n nìyẹn. Síbẹ̀, bí ẹ bá rí ẹni tó ń sìn ín ládùúgbò yín, èmi yóò ní kí ẹ kọ́kọ́ ra tirẹ̀, kódà bí owó rẹ̀ bá lé. Ẹran tí a mọ ohun tó jẹ, tí a sì mọ ọwọ́ tó pa á, ti dín ìbéèrè kù.

Ìbéèrè ọjà kò le. Ẹ kí ìyá náà dáadáa, kí ẹ sì bi í bóyá ìbọn ni wọ́n fi pa á tàbí tàkúté. Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú. "Oníbàárà mi, ìbọn ni, ẹ wo ojú ọta níbí," yóò sì yí i padà fún yín. Ẹran tí kò ní ojú ọta, tí kò ní àpá okùn lọ́rùn tàbí lẹ́sẹ̀, tí wọn kò sì dú, kí ló pa á? Ó lè jẹ́ pé àìsàn ni. Ó lè jẹ́ pé ẹnì kan da oògùn apakòkòrò sínú oúnjẹ, ó sì dẹ ẹ́ sílẹ̀ fún un. Gammalin 20 ni orúkọ tí àwọn ará oko mọ̀ jù nínú irú oògùn bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti fi pa ẹja lódò, wọ́n sì ti fi pa ẹran nígbó. Lindane ló wà nínú rẹ̀, kì í sì í sá fún omi gbígbóná. Ẹ lè sè é láti àárọ̀ títí di alẹ́, yóò ṣì wà níbẹ̀. Ẹ tún ṣọ́ra fún otapíápíá tí àwọn kan ń fín sára ẹran gbígbẹ kí eṣinṣin má baà bà lé e. NAFDAC, àjọ tó ń ṣàbójútó oúnjẹ àti oògùn, ti kìlọ̀ léraléra fún àwọn tó ń fi oògùn apakòkòrò Sniper pa kòkòrò lára ẹ̀wà àti ẹja gbígbẹ. Bí eṣinṣin kankan kò bá fẹ́ sún mọ́ ẹran kan láàárín ọjà, kì í ṣe ìmọ́tótó ni kí ẹ kọ́kọ́ rò.

Ẹran tó kú fúnra rẹ̀, tí àwọn Mùsùlùmí ń pè ní òkú ǹbete, ní wàhálà tirẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí àrùn áńtráàsì ti pa ènìyàn àti màlúù ní àríwá Gánà, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀ kìlọ̀ fún wa nípa pọ̀nmọ́, ẹran yíyan àti ẹran ìgbẹ́. Ní oṣù keje ọdún yẹn kan náà, wọ́n rí àrùn náà lára ẹran ọ̀sìn ní Sulẹ́jà, ní Ìpínlẹ̀ Niger. Kòkòrò áńtráàsì máa ń sọ ara rẹ̀ di èso líle tó lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, èso náà sì le ju kòkòrò fúnra rẹ̀ lọ lójú iná. Inú mi dùn pé ẹ̀sìn ti kọ́ ọ̀pọ̀ ará Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú láti má ṣe jẹ òkú ẹran. Kí àwọn tí ẹ̀sìn tiwọn kò sọ ọ́ náà máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọta ìbọn ńkọ́? Òjé ni ọ̀pọ̀ nínú ọta àwọn ọdẹ wa. Bí ọta bá wọ ara ẹran, ó lè fọ́, kí àfọ́kù rẹ̀ tín-tìn-tín sì tàn kọjá ibi tí ojú rí. A kò lè gbàgbé ohun tí òjé ṣe ní Zamfara lọ́dún 2010, nígbà tí eruku ibi ìwakùsà wúrà pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé. Ìwọ̀n tó wà nínú ẹran kan kò tó ìyẹn rárá, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ìlera kò tíì rí ìwọ̀n òjé kankan tó dára fún ọpọlọ ọmọdé. Ẹ gé gbogbo ẹran tó yí ojú ọta ká sọnù, kí ẹ gé e fẹ̀, pàápàá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti dì. Ẹ má rẹ apá yẹn sínú ọsàn wẹ́wẹ́ láti fi gbà á là. Kíkan a máa jẹ́ kí òjé yọ́ wọ inú ẹran sí i.

Ẹran kan wà tí kò yẹ kó dé ìdáná wa rárá. Akika ni, ẹranko onípẹ́ tó máa ń ká ara rẹ̀ jọ bí ẹ̀rù bá bà á. Lọ́dún 2016, ìpàdé CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko ìgbẹ́, tó wáyé ní Johannesburg fòfin de òwò gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ mẹ́jọ láàárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè, òfin Nàìjíríà tí wọ́n ṣe lọ́dún 1985 lórí àwọn ẹranko tó ń pa rẹ́ náà sì dáàbò bò ó. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni abo rẹ̀ máa ń bí, ọmọ kan ṣoṣo ló sì sábà máa ń jẹ́. Ẹranko tó ń bí báyìí kò lè bá ọjà Èkó sáré. Bí wọ́n bá fi lọ̀ yín, ẹ kọ̀ ọ́.

Ó wá ku ìrìn àjò. Láti Ẹ̀pẹ́ dé Ìkòròdú kò jìnnà púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lọ́sàn-án Sátidé mọ̀ pé wákàtí méjì kò tó nígbà mìíràn. Nínú ooru wa, bakitéríà kan lè di méjì láàárín ogún ìṣẹ́jú. Bí ẹran tútù bá ti lo wákàtí méjì níta, ó ti tó. Bí ooru bá sì kọjá 32°C, wákàtí kan ni. Ẹ gbé kúlà oníyìnyín dání. Àwọn kan á ní iná yóò pa gbogbo rẹ̀ náà. Yóò pa bakitéríà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn bakitéríà kan, bíi Staphylococcus aureus, máa ń tu oró sínú oúnjẹ, oró yẹn kì í sì í kú bí omi bá hó. Ìdí nìyẹn tí èèbì fi lè gbé gbogbo ilé lẹ́yìn ọbẹ̀ tí ó gbóná fòò.

Níbi ọbẹ ni mo ti fẹ́ kí a dúró pẹ́ díẹ̀.

Ibà Lassa gba orúkọ rẹ̀ láti ìlú Lassa ní Ìpínlẹ̀ Borno, níbi tí wọ́n ti dá a mọ̀ lọ́dún 1969. Eku kan tí ọmú rẹ̀ pọ̀, Mastomys natalensis, ló ń gbé fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ kiri. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku náà ló sábà máa ń kó o ràn wá, ṣùgbọ́n ẹni tó bá pa eku yìí, tó sì fọwọ́ lásán kun ún, ń fi ọwọ́ bọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tààrà. Ẹ̀bá wa níbí náà ni àrùn yìí wà: ní Òwọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, àti ní Irrua ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó, àwọn ilé ìwòsàn ńlá ń tọ́jú rẹ̀ lọ́dọọdún. Èmi kò sọ pé ọ̀yà ló ń gbé Lassa. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó ń ra àwọn eku kéékèèké tí kò mọ̀ yàtọ̀ síra lọ́jà kò mọ èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Òkété náà ní ìtàn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2003, wọ́n kó nǹkan bí ẹgbẹ̀rin ẹranko kéékèèké láti Gánà lọ sí Texas ní Amẹ́ríkà, kí wọ́n lè tà wọ́n fún àwọn tó ń sin ẹranko nínú ilé. Òkété wà lára wọn. Wọ́n kó wọn sí ìtòsí àwọn ẹranko tí wọ́n ń pè ní prairie dog, àrùn mpox ran àwọn yìí, àwọn náà sì kó o ran ènìyàn 47 ní ìpínlẹ̀ mẹ́fà. Àwọn ènìyàn náà fọwọ́ kan àwọn ẹranko yìí, wọ́n gbé wọn mọ́ra, ó tán. Àrùn yìí kò dúró de ìkòkò.

Ní ti Ebola, ó yẹ ká sọ òtítọ́ rẹ̀. Ọkọ̀ òfuurufú ló gbé e wọ Èkó ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 2014, kì í ṣe ẹran. Ènìyàn 20 ló mú ní Nàìjíríà, mẹ́jọ kú, Dókítà Ameyo Stella Adadevoh sì wà lára wọn. Nígbà tó fi di ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kéde pé ó ti lọ. Láàárín àkókò yẹn, àwọn oníṣòwò ẹran ìgbẹ́ rí ìyà ọjà tó kú. Ẹ̀rù tó bà wá nígbà náà kò burú, ṣùgbọ́n ẹ̀rù nìkan kì í pẹ́ lára ènìyàn. Ohun tí ì bá dúró tì wá ni ìlò ìbọ̀wọ́.

Nítorí náà, ìbọ̀wọ́ rọ́bà ṣáájú ọbẹ. Bí egbò bá wà lọ́wọ́ yín, kí ẹlòmíràn kun ẹran náà. Kí aláboyún má fọwọ́ kan án ní tútù rárá. Bí Lassa bá mú obìnrin tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù mẹ́ta ìkẹyìn, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú ohun tó lé ní ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, ìyá, ọmọ, tàbí àwọn méjèèjì ló ń bá a lọ. Kí àwọn ọmọdé má fi ẹran ṣeré, ì báà jẹ́ ààyè, ì báà jẹ́ òkú. Ẹ fọ ẹran nínú abọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ má ṣe sọ omi ẹ̀rọ lù ú kó máa ta sára àwo àti ife. Ẹ rọra yọ ìfun kó má baà bẹ́. Bí ó bá bẹ́, ẹ gé ibi tó kàn dànù. Ọbẹ àti pákó tí ẹ fi gé e kò gbọ́dọ̀ kan tòmátì tàbí ewébẹ̀ títí ẹ ó fi fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ wọ́n.

Bí irun rẹ̀ bá ṣì wà lára rẹ̀, omi gbígbóná ni kí ẹ fi bó o, tàbí kí ẹ fi iná igi wì í. Táyà tí àwọn kan ń sun láti fi wi ẹran ń fi èròjà tó lè fa jẹjẹrẹ sára awọ rẹ̀, fífọ̀ kì í sì í mú un kúrò tán. Awọ tó dúdú bí ọ̀dà, tó sì ń rùn bí epo mọ́tò, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó tà á.

Ó wá ku sísè, ibi tí ọ̀pọ̀ ti máa ń bínú pé ẹran náà le. Ẹran ìgbẹ́ kì í sanra. Ó ń sáré, ó ń walẹ̀, iṣan rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, nítorí náà ó dúdú, ọ̀rá rẹ̀ kò pọ̀, okùn funfun tó so iṣan rẹ̀ pọ̀ sì nípọn. Kọ́lájìn ni wọ́n ń pe okùn yìí, bí ẹran bá sì ṣe dàgbà tó ló ṣe ń yi tó. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò nìyí. Bí ooru inú ẹran bá dé nǹkan bí 60°C, kọ́lájìn á sún kì, á sì fún omi ẹran jáde. Ìgbà yìí ni ẹran máa ń le jù, ìgbà yìí sì ni ẹni tí kò sè é rí máa ń tọ́ ọ wò, tí á fòyà, tí á sì gbé iná sókè. Ṣùgbọ́n bí ooru bá kọjá 70°C, tí ó sì dúró síbẹ̀ pẹ́, kọ́lájìn kan náà á bẹ̀rẹ̀ sí yọ́ di jẹ́látìn, ohun tó ń jẹ́ kí omi ẹsẹ̀ màlúù lẹ̀ mọ́ni létè. Àkókò ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Omi tó ń hó kùtùkùtù ní Ìkòròdú kò kọjá 100°C, omi tó ń hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ rẹlẹ̀ sí i. Híhó kíkankíkan kàn ń ná gáàsì, ó sì ń fọ́ ẹran lójú.

Ẹ gé ọ̀yà náà ní oríkèé, ẹ fi iyọ̀, àlùbọ́sà, ata àti atalẹ̀ sí i, kí omi bò ó díẹ̀. Bí ó bá hó, ẹ dín iná kù, ẹ dé e. Ọ̀yà kékeré lè rọ̀ láàárín wákàtí kan. Àgbà ọ̀yà lè gba méjì. Ẹni tó ní ìkòkò pírẹ́ṣọ̀ yóò dín in kù gan-an, torí ooru inú rẹ̀ ń lọ sí nǹkan bí 120°C. Bí ẹ bá ní òṣùwọ̀n ooru tí wọ́n ń gún bọ inú ẹran, ẹ wá 74°C níbi tó nípọn jù. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀ nìkan, ẹran ìgbẹ́ ti dúdú tẹ́lẹ̀. Oríkèé tó ń tú fúnra rẹ̀ ló sàn láti wò.

Ewé ìbẹ́pẹ tí àwọn àgbà ń fi wé ẹran kì í ṣe àṣà lásán. Oje rẹ̀ ní papain, ohun tó ń gé okùn inú ẹran sí wẹ́wẹ́. Ṣùgbọ́n híhó omi máa ń pa agbára rẹ̀, nítorí náà kó tó di pé a gbé e kaná ni kí ẹ ti fi ewé náà wé e, fún nǹkan bíi wákàtí kan. Tó bá pẹ́ jù, ara ẹran á rọ̀ bí àkàṣù tó ti kan. Kán-ún náà ń mú kó rọ̀, torí kò jẹ́ kí iṣan sún kì tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ sódíọ̀mù tó wà nínú rẹ̀ pọ̀. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru kò gbọ́dọ̀ máa fi í sí ọbẹ̀ kó tún fi iyọ̀ sí i.

Ọ̀yà yíyan ń tan ènìyàn jẹ. Èéfín ti gbẹ ìta rẹ̀, òórùn rẹ̀ sì dùn, ṣùgbọ́n inú itan rẹ̀ lè má tíì jinná. Ẹ là á, ẹ wo ẹ̀bá eegun bóyá ìdin wà, ẹ fi omi gbígbóná àti iyọ̀ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì tún un sè bí ẹran tútù. Bí ó bá rọ̀, ẹ fà á ya sínú ẹ̀gúsí tàbí sínú ìkọ́kọrẹ́. Ewùrà inú ìkọ́kọrẹ́ gba adùn èéfín yẹn dáadáa.

Awọ́nrínwọ́n àti ọ̀nì: bakitéríà Salmonella wọ́pọ̀ lára wọn, òfin ọbẹ àti 74°C náà sì kàn wọ́n. Ìgbín: ẹ fi álọ́ọ̀mù tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ fọ yọ̀ọ̀ rẹ̀ kúrò, ẹ sì sè é kó jinná dénú, torí ìgbín lè gbé aràn kan tó ń wọ ọpọlọ ènìyàn.

Kí ẹ tó bù ú fún àlejò, ẹ sọ irú ẹran tó jẹ́. Èèwọ̀ ìdílé wà, òfin ẹ̀sìn wà, àwọn kan sì wà tí ara wọn kò gba ohun tí wọn kò jẹ rí. Kí ẹni tó ń jẹ ẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ègé kan.

Bí ibà, orí fífọ́ tàbí ọ̀fun dídùn bá wá mú ẹni tó kun ẹran náà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó má kàn ra oògùn ibà ní kẹ́mísì. Lassa kì í yàtọ̀ sí ibà lásán níbẹ̀rẹ̀, láàárín ọjọ́ méjì sí mọ́kànlélógún ló sì máa ń jáde. Kó lọ sí Ilé Ìwòsàn Gbogbogbòò ní Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́, kó sì sọ fún dókítà kí wọ́n tó bi í pé òun fi ọwọ́ kan ẹran ìgbẹ́, irú ẹran tó jẹ́, àti ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Oògùn ribavirin tí wọ́n ń lò fún Lassa, ìgbà tí àrùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kó wọlé. Nọ́ńbà NCDC, àjọ ìjọba tó ń dènà àrùn, tí a lè pè lọ́fẹ̀ẹ́ ni 6232.